Ìwé Wo La Ó Kọ́kọ́ Jọ Kà? Ìfiwéra Ìtàn Àròsọ Yorùbá Mẹ́rin fún Ẹgbẹ́ Òǹkàwé

Láti ọdún 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn obìnrin kan jáde díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní àìsàn ti dá òun wólẹ̀, òun ò ní í pẹ́ kú, òun wá fẹ́ ro gbogbo ohun tí òun fi ìgbà èwe òun ṣe kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi òun kọ́gbọ́n. I. B. Thomas tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn tó ń rà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa Sẹ̀gilọlá, bí ẹni pé ó wà láàyè, tó ń gbé ládùúgbò wọn gan-an.

Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn òǹkàwé Èkó ìgbà náà kò dúró kí ìtàn parí kí wọ́n tó dá sí i. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìwé tí a bá máa jọ kà gbọ́dọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó gbọ́dọ̀ fún wa lóhun tí a ó sọ nígbà tí a ṣì wà láàárín rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ibi tí yóò já sí.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ẹgbẹ́ òǹkàwé Yorùbá tó ń dìde káàkiri báyìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn tó jọ jáde iléèwé, láàárín àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí wọn ò fẹ́ kí èdè kú mọ́ ọmọ lẹ́nu. Wọ́n á pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á béèrè ìwé tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní Fágúnwà. Gbogbo ilé á gbà, torí ta ni yóò dìde sọ pé òun ò fẹ́ Fágúnwà? Tó bá ṣe díẹ̀, àwọn èèyàn á dákẹ́, wọ́n á máa wí pé iṣẹ́ ò jẹ́ káwọn ráyè. Iṣẹ́ kọ́. Ìwé tí wọ́n mú ni kò bá ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kà á mu.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn, gbogbo wọn ni mo sì ti bá ẹlòmíràn jọ kà: Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, àti Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. N kò wá ṣèdájọ́ òǹkọ̀wé tó mọ ìwé kọ jù. Èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú, àti irú àwọn tó yẹ kó mú un, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ó Le Kú

Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí ni n ó mú. Ọdún 1974 ni Oxford University Press tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn. Àjàní ni ọkùnrin inú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń parí lọ, tí wọ́n sì ń retí kó mú ìyàwó wálé. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ibẹ̀ yẹn ni n ó dúró sí nínú ìtàn náà. Ẹni tó bá sọ ìparí ìwé yìí fún ẹni tí kò tíì kà á débẹ̀ ti bà á jẹ́ fún un, kò sì sí bó ṣe lè tún un ṣe.

Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa nílé kò ní í lóye. Èdè tí àwọn èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn ni, ó dùn, ó já geere, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ka Yorùbá gbẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ ń kọsẹ̀ lára àmì ohùn, kò ní í ka ojú ìwé púpọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ ọ̀nà. Ibi tí ìwé náà ti le ni ìdájọ́. Ta ló jẹ̀bi? Ṣé Àjàní tó ń fi ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ni? Ṣé àwọn òbí tó ń dá sí ohun tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ ni? Ṣé àwọn obìnrin náà fúnra wọn ò rí ohun tó wà níwájú wọn ni? Bí ẹ bá ti ka ìwé náà dé ìdajì, ẹnu yín ò ní í kò mọ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, ìyá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó di ìwé náà mú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọkùnrin yìí ò nífẹ̀ẹ́ ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kàn ń fẹ́ kí ẹnì kan ṣáà wà nílẹ̀ ni." Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìgbéyàwó tirẹ̀ ti súnmọ́lé dá a lóhùn pé, "Mà, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé." Ìyá náà ní, "Wọ́n ní kó mú ìyàwó wá. Wọn ò ní kó mú mẹ́ta dání kó máa yẹ̀ wọ́n wò." Ọ̀rọ̀ náà pín ilé sí méjì. Àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ohun tí à ń wá nìyẹn nígbà tí a bá ní kí àwọn èèyàn wá jọ kàwé, ìwé yìí sì máa ń fún wa láìjẹ́ pé ẹnì kan múra ìbéèrè sílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Túndé Kèlání sọ ìwé yìí di fíìmù ní ọdún 1997, Yẹmí Ṣódìmú ló ṣe Àjàní. Fíìmù náà gbayì dé ibi pé àwọn obìnrin padà sí ìró kékeré àti bùbá, tí wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní olékú títí dòní. Nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn ti mọ ìtàn náà. Ẹ fi fíìmù sílẹ̀ ná. Ẹ ka ìwé parí, kí ẹ tó wá jókòó wo fíìmù pọ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan gédégbé sọ ohun tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Ìjókòó méjì ni ìwé kan ṣoṣo fún yín yẹn.

Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí òbí kọ́kọ́ kà á. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀

Ọdún 1938 ni CMS Bookshop ní Èkó tẹ ìwé yìí jáde. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ ni nígbà náà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ròkè tó o, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iyì rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ má ṣe há a fún àwọn èèyàn pé kí kálukú lọ kà á nílé kí wọ́n wá sọ èrò wọn lọ́jọ́ ìpàdé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń fi sú àwọn èèyàn.

Ìwé etí ni. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá arúgbó kan, Àkàrà-Ògùn, tọ òǹkọ̀wé lọ, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé kó máa kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní, òun àti òǹkọ̀wé nìkan ni. Tó bá di alẹ́, bàbá á lọ. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, òǹkọ̀wé ti sọ fáwọn ẹlòmíràn, wọ́n ti wá jókòó dè é, èrò sì ń pọ̀ sí i ni. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti fi àwọn tí ń jọ gbọ́ ìtàn sínú ìwé náà kí a tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ẹ ṣe bí tiwọn. Ẹ mú ẹni tó ní ohùn, kó kà á sókè fún gbogbo ilé, kí ẹ sì dúró níbi tí Àkàrà-Ògùn bá ti dúró lọ́jọ́ náà. Kò tún sí ìwé tó pín ara rẹ̀ fún ìpàdé dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbìyànjú ibi tó ti pàdé Àgbákò. Fìlà irin ló dé, ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ awọ, ojú mẹ́rìndínlógún ló yí orí rẹ̀ ká. Bí ẹ bá fi ojú nìkan kà á, ojú yín á kàn sáré kọjá ni, ẹ ó ní ẹ ti mọ̀ pé iwin ni, kí ìtàn máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kà á sókè, kó fa àwọn gbólóhùn náà bí Fágúnwà ṣe tò wọ́n, ọ̀kan lé ọ̀kan, tí kò jẹ́ kí èèyàn mí. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín, á sì tún súnmọ́ ìyá rẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọ tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò lè ka ìlà kan nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó tún ibi Àgbákò kà. Òbí tó wà lókè òkun tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ èdè ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kà á, kó fi Ó Le Kú sílẹ̀. Èyí ni kó mú.

Ní ti àríyànjiyàn, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti dúró. Nígbà tí ọba rán àwọn ògbójú méje lọ sí Òkè Lángbòdó, Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn wà lára wọn. Obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò ní í fi òun sílẹ̀ lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó pa á. Ìrìn àjò ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló máa ń ka ibẹ̀ kọjá nítorí pé ìtàn ń sáré. Ẹ má kà á kọjá. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní bí ọkàn ọdẹ ṣe ń le nìyẹn tí iṣẹ́ ìlú bá délẹ̀. Obìnrin kan bi í pé, "Ẹ̀yin bàbá, ìlú wo ló rán an pé kó pa ará ilé rẹ̀?" Èmi gbà pé ìwé náà kò sọ̀rọ̀ tó lórí obìnrin yẹn, ó sì tọ́ kí àwa tí à ń kà á lónìí sọ èyí tó kù. Ìfẹ́ tí a ní sí Fágúnwà kò ní kí a má bi ìwé rẹ̀ léèrè.

Lẹ́yìn náà ni ìwàásù Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n kan tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní Òkè Lángbòdó, ọjọ́ méje ni àwọn ọdẹ fi gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ìjà iwin lọ, àwọn kan á ti máa yán. Olùkọ́ tó mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé ni yóò ka ìwé òun ló kọ ọ́, ó sì hàn. Ẹ má fo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kà á tán nínú ìjókòó kan.

Àwọn kan wà tí ẹ̀sìn wọn ò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa iwin àti ògùn. N kì í bá wọn jà. Mo máa ń sọ fún wọn pé orúkọ Ọlọ́run àti àdúrà ò wọ́n nínú ìwé Fágúnwà. Bí ọkàn wọn ò bá sì tíì balẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n mú Àdììtú Olódùmarè tó jáde ní 1961, ìwé tí ìfẹ́ Àdììtú àti Ìyùnadé gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ìwé yẹn sún mọ́ ayé tí à ń gbé ju àwọn yòókù rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀nà ìkọ̀wé kí ẹ tó rà á. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ń kọ aiye, enia àti nwọn. Àkọtọ́ tí a ń lò nísinsìnyí, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ló sọ wọ́n di ayé, ènìyàn àti wọ́n. Bí àwọn kan bá mú ti àtijọ́, tí àwọn kan mú ti tuntun, nọ́ńbà ojú ìwé ò ní í bára mu, ẹni tó ń kà sókè á máa kọsẹ̀. Ẹ jọ ra ẹ̀dà kan náà. Ìmọ̀ràn yìí kan gbogbo ìwé tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ti Fágúnwà ló le jù.

Àjà Ló Lẹrù

Longmans tẹ èyí ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tí wọ́n ti yọ níṣẹ́, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri, Tàfá wà pẹ̀lú rẹ̀. Inú àwọn ọlọ́pàá ò dùn sí i, inú àwọn ọ̀daràn náà ò dùn sí i. Ìyà ń jẹ ẹ́, ó ń sá, ó tún ń padà. Òkédìjí tẹ̀síwájú pẹ̀lú Lápàdé nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971, àwọn tó bá parí ti àkọ́kọ́ kì í dúró kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n wá èkejì.

Bí ó bá jẹ́ ìwé tí ẹnì kan fẹ́ kà nìkan, kó sì gbádùn ara rẹ̀, kò sí èyí tí n ó fi ṣáájú èyí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ pé ìwé Yorùbá ò lárinrin, ẹ fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́, eré rẹ̀ ti le jù. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé kí àwọn dúró ní orí kẹta. Tí ọjọ́ ìpàdé bá pé, ẹni méjì á ti parí rẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ. Ìjíròrò tó bá sì wà láàárín ìwé máa ń jẹ́ ti kí ló máa ṣẹlẹ̀, kì í sábà jẹ́ ti kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè gidi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lè gba ìrọ̀lẹ́ kan: ṣé ó tọ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́ gbé iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe, kó máa rú òfin torí kó lè mú arúfin? Ní Nàìjíríà tiwa, gbogbo ẹni tó jókòó ló ní ohun tó máa sọ lórí ìyẹn.

Ibi tí Òkédìjí ti fi ọlá hàn ni èdè. Òwe inú rẹ̀, èébú inú rẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lára, mo ti rí àgbàlagbà tó ń fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ wọn kó má bàa gbàgbé. Tí ẹ bá mú ìwé yìí, ẹ ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ kan tó dùn mọ́ ọn jù wá sí ìpàdé. Àwọn tó ti kà á parí pàápàá á lè dá sí i láìbà á jẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Tí ó bá jẹ́ pé méfò ni ẹgbẹ́ yín fẹ́ràn, kí ẹ máa gbìyànjú láti mọ ẹni tó hùwà náà kí ìwé tó sọ, ti Kọ́lá Akínladé ló yẹ yín ju ti Òkédìjí lọ. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní 1976, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fi sùúrù ṣa ẹ̀rí jọ, òǹkàwé náà sì lè máa bá a ṣà á. Lápàdé kì í dúró ṣa nǹkan kan.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin

1969 kan náà ni èyí jáde, ṣùgbọ́n ayé ọ̀tọ̀ ni. Fálétí gbé e sí ìgbà àtijọ́, láàárín àwọn ará Òkò tó wà lábẹ́ ìsìnrú ìlú tó lágbára jù wọ́n lọ. Ìsìnrú náà ti pẹ́ débi pé àwọn àgbà ti kà á sí ìwà ayé. Àjàyí, ọmọ Olókùn Ẹṣin, ní òun ò sìn mọ́. Òun, Ibíwùmí àti Àyọ̀wí ni ọ̀rọ̀ náà kó sí lórí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún wa, ẹnì kan á sọ títí dé ibì kan, ẹlòmíràn á gbà á.

N ó sọ ohun tó wà nínú mi: ìwé yìí ló ní ohun tó wúwo jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀tọ́ láti fi gbogbo ìlú wewu nítorí pé òun ti pinnu pé òun ò ní í sìn? Àgbà tó ní kó rọra, ṣé ojo ni, àbí ó rí ohun tí ọmọ ò rí? Àwọn tí wọ́n fẹ́ gba ara wọn sílẹ̀ ńkọ́, ta ló fún wọn láṣẹ láti sọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn? Nígbà tí a kà á, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò ní Òkò tó wá sí ìlú tiwa. A ò dá a dúró, torí òǹkọ̀wé kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí a lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àná nìkan ni.

Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Yorùbá Ọ̀yọ́ tó jinlẹ̀ ló fi kọ ọ́, akéwì ni Fálétí, ó sì ń gba àyè rẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ara rẹ̀ á sú lọ́nà. Ẹgbẹ́ tó ti ka ìwé méjì pọ̀ á rí i pé àwọn ti ń dúró de irú èyí.

Tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní ti èdè, Ó Le Kú ló rọrùn jù, Àjà Ló Lẹrù tẹ̀lé e bí òwe rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀, torí pé eré ìtàn náà á máa fà yín lọ. Ògbójú Ọdẹ le fún ojú ṣùgbọ́n ó rọrùn fún etí. Ọmọ Olókùn Ẹṣin le fún méjèèjì. Ní ti ohun tí ẹ ó rí sọ láàárín ìwé, kí ó tó parí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin àti Ó Le Kú ló ga jù, ìyàtọ̀ wọn ni pé Ó Le Kú á fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èkejì á ní kí ẹ kọ́kọ́ ní sùúrù. Ní ti àwọn tó lè jókòó tì í, Ògbójú Ọdẹ nìkan ni gbogbo ilé lè gbọ́ pọ̀, tàgbà tèwe.

Tí ẹ bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí kálukú sì ń kà nílé, Ó Le Kú. Tí ẹ bá ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ilé ẹnì kan, tí ọmọdé wà láàárín, Ògbójú Ọdẹ. Tí ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ràn ìwé bá pọ̀ níbẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, kí ẹ sì gbà pé ìjíròrò á dé lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá kà á tán. Fún ọ̀dọ́ tó wà lókè òkun tó fẹ́ mọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń pariwo lé lórí, ìtumọ̀ Ṣóyínká lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹnì kan ṣe ń ka ti Fágúnwà fún un. Kó má gbé ìtumọ̀ náà rọ́pò rẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe ń sọ èrò lórí ìwé tí a kò tíì kà tán

Ìwé tó dára lè bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sọ ọ́. Kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tó kà á dé: "Mo wà ní orí kẹrin." Ẹni tó ti kọjá ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ju orí kẹrin lọ fún un. Kó béèrè ìbéèrè tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi ìbéèrè sọ ìdáhùn. "Ṣé o ò fura sí ìyá yẹn?" ti sọ ohun tí kò yẹ kó sọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ tiwa ni ọ̀rọ̀ àgbà àti èwe. Tí bàbá kan bá ti sọ pé bí ìwé ṣe rí nìyí, ọmọ tí a kọ́ nílé kò ní í sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ní, "Òótọ́ ni, sà," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà ló ní èrò tó yẹ kí a gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí a máa gòkè bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Àwọn àgbà fúnra wọn ló fara mọ́ ọn jù, torí wọ́n ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ò jẹ́ sọ níṣojú wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ò sì di aláìlẹ́kọ̀ọ́, torí kò sẹ́ni tí wọ́n ń ta kò. Àgbà tó bá gbọ́rọ̀ wọn ló máa wá pinnu bóyá òun á ta kò wọ́n.

Kí ẹni tí ìwé bá sú náà lè sọ pé ó sú òun. Kí wọ́n bi í ibi tó ti sú u, kó ṣí i, kó kà á fún wọn. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ibi tó sú ẹnì kan gan-an ni àwọn yòókù máa ń fẹ́ tún kà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń tò ó fún yín, Ó Le Kú ló máa ṣáájú, fíìmù rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ògbójú Ọdẹ á tẹ̀lé e, ní ohùn òkè, ní àsìkò ìsinmi tí àwọn ọmọ wà nílé. Àjà Ló Lẹrù á bọ́ sí oṣù tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún gbogbo yín, torí pé òun nìkan ni ẹ ó kà tán láìka iṣẹ́ sí. Kí Ọmọ Olókùn Ẹṣin dúró títí ẹ ó fi mọ ohùn ara yín. Nígbà náà, ẹ pín in láàárín ẹni mẹ́ta, kí ẹnì kan ka ti Àjàyí, kí ẹnì kan ka ti Ibíwùmí, kí ẹnì kan ka ti Àyọ̀wí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbèjà ẹni tí ó ń kà nígbà tí ìjíròrò bá bẹ̀rẹ̀.